Ariwo Inú Rédíò Ọkọ̀ àti Ìwòsàn Rẹ̀

Bí a bá tan rédíò nínú ọkọ̀ tí a kò tíì ṣáná sí, ohùn rẹ̀ a máa já gaara. Bí a bá sì ti ṣáná tán, ariwo a dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a di ẹ̀bi ru rédíò, wọn a tà á ní ọ̀pọ̀, wọn a ra òmíràn. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, òmíràn náà ti ń hu bí ti àkọ́kọ́. Rédíò kì í sábà jẹ́ ẹlẹ́bi nínú ọ̀ràn yìí.

Kì í sì í ṣe ọ̀ràn fàájì nìkan. Ọkọ̀ tí ń kiri ìletò láti kéde ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára lè wí pé Ọjọ́rú. Bí ariwo bá gbé ìparí ọ̀rọ̀ náà mì, ìyá ọmọ tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà lè gbọ́ Ọjọ́bọ̀, kí ó sì dé lẹ́yìn tí àwọn nọ́ọ̀sì ti lọ.

Nínú ẹ́ńjìnnì tí ń mu bẹntiróòlù, púlọ́ọ̀gì ni ó ń ṣáná sí epo. Bí ẹta iná ti ń fò ní ẹnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tú ìgbì iná mànàmáná sí afẹ́fẹ́. Irú ẹta iná bẹ́ẹ̀ ni Marconi fi rán ọ̀rọ̀ kọjá Bristol Channel ní 1897 láìlo wáyà. Nítorí náà púlọ́ọ̀gì mẹ́rin dàbí akéde mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò rán níṣẹ́, tí wọ́n sì ń pariwo sí etí rédíò láìsinmi. Nígbà tí Paul Galvin àti Joseph arákùnrin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ta rédíò ọkọ̀ Motorola ní Chicago ní 1930, ariwo yìí wà lára ìṣòro tí wọ́n ní láti borí. AM ni ó ń jìyà rẹ̀ jù. FM kì í gbà á tó bẹ́ẹ̀.

Kí a tó ná owó, ó yẹ kí a fi etí wá a. Bí ó bá ń dún ta-ta-ta, tí ó ń yára bí ẹ́ńjìnnì ti ń yára, púlọ́ọ̀gì ni. Bí ó bá ń han bí ẹ̀fọn, tí ohùn rẹ̀ ń ga bí a ti ń tẹná mọ́ ọkọ̀, alternator ni, ẹ̀rọ tí ń fi agbára kún bátìrì. Ọkọ̀ dísẹ́lì pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ èyí. Bí a bá yọ ẹ́ríà tí ariwo dákẹ́, ẹ́ríà ni ó gbà wọlé. Bí a bá sì yí ohùn rédíò sílẹ̀ pátápátá tí ariwo kò dínkù, ẹ̀yìn rédíò ni ó ti wọlé, lọ́nà amplifáyà tàbí wáyà rẹ̀.

Ibi tí àbùkù pọ̀ sí jùlọ kò gbà ju sánpépà lọ. Wáyà dúdú tí a dè mọ́ ara irin ọkọ̀ ni: kí a ha ọ̀dà àti ìpẹtà ibẹ̀ kúrò títí irin yóò fi dán, kí a sì fún bóòtù rẹ̀ le. Bí ó bá ṣe é ṣe, kí ti rédíò àti ti amplifáyà wà ní ojú kan náà. Bí wọ́n bá jìnnà sí ara wọn, iná a máa gba inú wáyà ohùn kọjá láàárín wọn, a sì di ariwo. Kí wáyà ohùn gba apá kan ọkọ̀, kí wáyà tí ó ti orí bátìrì wá gba apá kejì. Bí wọ́n bá gbọdọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn bí àgbélébùú. Ní ti púlọ́ọ̀gì, kí a ra irú èyí tí a ṣe láti pa ariwo rédíò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní lẹ́tà R nínú nọ́ńbà wọn.

Àwọn rewáyà a máa fi fílítà kékeré sí ojú ọ̀nà iná rédíò. Ó dára ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná iwájú ọkọ̀ bá ń ṣẹ́jú, tí bátìrì kò sì kún, alternator ni ó ń ṣàìsàn. Ẹni tí ó fi fílítà bò ó dàbí ẹni tí ń fún ọmọ tí ibà ń ṣe ní oògùn ẹ̀fọ́rí, ọkọ̀ náà yóò sì kú sí ọ̀nà oko pẹ̀lú ẹrù.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó sì tú orí bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò. Wáyà iná tí ó lọ sí amplifáyà gbọdọ̀ ní fíúsì nítòsí bátìrì. Àwọn kan a máa fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì tí ó jó, ọkọ̀ a sì lè ti ibẹ̀ gbiná. Kí a má sì ṣe tú orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, bí àwọn mìíràn ti í ṣe láti dán alternator wò: agbára iná lè rú sókè lójijì, kí ó sì ba rédíò náà jẹ́ pátápátá.