Ta Ni Ó Fojú Rí I?
Ẹ̀kọ́ lórí ìpolongo ẹ̀tàn

 

Ìpolongo ẹ̀tàn ni ọ̀rọ̀ tí a dìídì gbé jáde láìní ẹ̀rí, kí àwọn ènìyàn lè ṣe ohun tí ẹni tó gbé e jáde ń fẹ́. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó máa ń jẹ́ irọ́. Wọ́n a máa po irọ́ mọ́ òótọ́, bí ẹni po èlùbọ́ tó ti bà jẹ́ mọ́ èyí tó dára. Ẹni tó rà á kò ní mọ̀ títí yóò fi ro àmàlà rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ayé gbọ́.

ÌTÀN NAYIRAH

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1990, àwọn ọmọ-ogun Iraq gba ilẹ̀ Kuwait tó múlé tì wọ́n. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan jókòó níwájú àwọn aṣòfin kan ní Washington, ní Amẹ́ríkà. Nayirah nìkan ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Wọn kò dárúkọ bàbá rẹ̀. Tẹkúntẹkún ni ó fi sọ pé òun ń ṣe ìrànlọ́wọ́ ní ilé-ìwòsàn kan ní Kuwait, pé ojú òun ni àwọn ọmọ-ogun Iraq ṣe wọlé tìbọntìbọn, tí wọ́n kó àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé kúrò nínú ẹ̀rọ tí ń mú wọn móoru, tí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù kí wọ́n kú.

Ìyá wo ni yóò gbọ́ èyí tí inú rẹ̀ kò ní bàjẹ́? Ààrẹ George Bush, èyí bàbá, tún un sọ léraléra. Amnesty International, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fọkàn tán, kọ ọ́ ní oṣù kejìlá pé ọmọ tó kú báyìí lé ní 300. Àwọn aṣòfin mẹ́nu bà á nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí ogun. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1991, Ilé Aṣòfin Àgbà fi ìbò 52 sí 47 fọwọ́ sí ogun. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí bọ́ǹbù fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Lẹ́yìn tí Kuwait gba òmìnira, àwọn oníròyìn lọ bi àwọn dókítà ibẹ̀ léèrè. Àwọn ọmọ kan kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà ti sá lọ ni. Amnesty wádìí, kò rí ẹ̀rí, ó sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1992, oníròyìn John MacArthur tú àṣírí tó kù: ọmọ aṣojú ìjọba Kuwait ní Amẹ́ríkà ni Nayirah! Ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe ìpolongo fún ẹni tó bá sanwó, Hill and Knowlton, ló ṣètò rẹ̀. Owó tí wọ́n gbà lé ní mílíọ̀nù 10 dọ́là, ọwọ́ ìjọba Kuwait ni ó sì ti wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ẹ kíyè sí i: àwọn ọmọ-ogun Iraq pànìyàn ní Kuwait, wọ́n sì kó wọn lẹ́rù lọ. Òótọ́ yẹn tó ẹjọ́ í rò láìfi irọ́ kún un. Ìpalára irọ́ ni pé bí ó bá tú, ènìyàn a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì sí òótọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN TÍ A Ó MÁA BÈÈRÈ

1. Ta ni ó fojú rí i? “Wọ́n ní” kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Bí wọ́n bá ti bèèrè ọmọ ta ni Nayirah, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

2. Ta ni yóò jèrè bí a bá gbà á gbọ́?

3. Ǹjẹ́ ẹlòmíràn jẹ́rìí sí i? Ẹnu púpọ̀ tó ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ kì í ṣe ẹlẹ́rìí púpọ̀. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

4. Kí ló dé tí ó fi ń kán mi lójú? Ọ̀rọ̀ tó bá ń pa wá lẹ́kún tàbí tó ń dẹ́rù bà wá ni kí a tún wò lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òkè òkun nìkan ni èyí wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola ti wọ Nàìjíríà, ìròyìn kan gba orí fóònù kiri pé kí a mu omi iyọ̀, kí a sì fi wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí dókítà tó fọwọ́ sí i. Ìròyìn ní ó kéré tán ènìyàn méjì kú nípa omi iyọ̀ yìí. Àwọn tó fi ránṣẹ́ rò pé àánú ni àwọn ń ṣe.

Òfin kẹsàn-án tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa kọ ẹ̀rí èké. Ẹni tó gbé e kiri láìwádìí ní ìpín nínú rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n kí ó tó bá a, ẹ̀mí lè ti lọ.

FÚN ÌJÍRÒRÒ

(a) Ìròyìn wo ni ẹ gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí? Ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin yìí wò ó.

(b) Báwo ni a ṣe lè fi ọ̀wọ̀ sọ fún àgbà pé ohun tó ń sọ kò ní ẹ̀rí?