Ijó Ìdí: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ẹni Tuntun àti Ògbólógbòó Pọ̀

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ijó ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe gbogbo ijó, bí kò ṣe èyí tí ó ń ti ìdí, ìbàdí àti ikùn wá. Irú ijó bẹ́ẹ̀ wà nílé, ó sì wà ní òkèèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọ ni ó jẹ wá lógún jù. Ẹ̀kọ́ ijó tí a kò bá tò dáadáa a máa lé ènìyàn kúrò ní agbo. Ẹni tí ìtìjú bá sì lé lọ, ó ṣòro kí ó tó padà wá.

Ẹni tó bá ń gbé Àgbádárìgì mọ̀ pé ìlú onílùú ni. Ọ̀sà wà níwájú ìlú, Gbèréfù wà ní òdì kejì ọ̀sà, òkun ńlá sì wà lẹ́yìn Gbèréfù. Àwọn Ògù, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè ní Ègùn, ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. Èdè wọn bá ti àwọn Fọ̀n ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tan, ó sì bá ti àwọn Ewe ní Tógò àti Gánà tan. Ìlù tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láàárín wọn ni Sàtó. Ó ga ju ènìyàn lọ. Ìdúró ni wọ́n ń lù ú, igi ni wọ́n sì fi ń lù ú. Agogo irin tí wọ́n ń pè ní gan ni ó ń tọ́ àwọn ìlù yòókù. Bí gan bá ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ. Oníjó tí kò bá gbọ́ gan dà bí ọlọ́kọ̀ tí kò rí èbúté.

Ẹ̀yà ara tí ìlú kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn láti fi jó yàtọ̀. Àwọn Ewe ní ijó kan tí ń jẹ́ Agbadza. Èjìká àti ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń jó o, bí ìgbà tí ẹyẹ bá ń ju ìyẹ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, láyé àtijọ́, àwọn obìnrin a máa so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí. Bí ìdí bá mì, ìlẹ̀kẹ̀ a dún, ẹni tó wà nítòsí a sì gbọ́.

Àwọn ará Íjíbítì náà ní tiwọn. Raqs sharqi ni wọ́n ń pè é, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ijó ìlà-oòrùn. Àwọn òyìnbó Faransé ni wọ́n sọ ọ́ ní ijó ikùn, orúkọ yìí ló sì tàn ká ayé. Ní ọdún 1926, obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Badia Masabni ṣí ilé ijó sí ìlú Káírò. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin bíi Tahia Carioca àti Samia Gamal jó níbẹ̀, wọ́n sì di olókìkí nínú fíìmù lẹ́yìn náà. Ní 1959, Mahmoud Reda dá ẹgbẹ́ oníjó sílẹ̀, ó kó ijó àwọn ará oko wá sí orí ìtàgé. Lónìí, ará Amẹ́ríkà, ará Jámánì, ará Japan, gbogbo wọn ni wọ́n ń kọ́ ijó yìí.

Àwọn kan á ní, “Ẹ̀yin wọ̀nyí, ijó aláìnítìjú kọ́ ni ẹ fẹ́ kọ́ wa yìí?” Ẹ gbọ́ ná. Ní Íjíbítì pàápàá, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì parí. Nínú ilé, níbi ìgbéyàwó, ìyá àti ọmọ, àǹtí àti àbúrò ni wọ́n jọ ń jó o, kò sì sí ẹni tí yóò bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jó o gbowó, wọ́n á máa wò ó tìfuratìfura. Àbí kò rí bẹ́ẹ̀ níhìn-ín? Lójú tiwa, ọ̀tọ̀ ni ijó, ọ̀tọ̀ ni aṣọ. Bùbá gígùn àti ìró tí a so dáadáa ti tó fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ijó. Kí ó fi ọ̀já gba ìbàdí lórí rẹ̀, kí olùkọ́ lè rí bí ìdí ṣe ń lọ. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti ṣí ikùn sílẹ̀ kí ó tó mọ ijó.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ẹ̀kọ́ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé olùkọ́ kan pe ènìyàn ogún jọ sí abẹ́ igi àgbọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Nínú wọn, ìyá kan wà tó ń yan ẹja, kò jó rí àfi níbi ìsìnkú. Ọ̀dọ́ kan wà tó ti ń jó nínú ẹgbẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ìyá àgbà kan sì wà tí ìlù fúnra rẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Onílù rí ìyá àgbà, inú rẹ̀ dùn, ó sáré ìlù. Ìyá ẹlẹ́ja wo ìyá àgbà, ó fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé orúnkún ni ìyá àgbà ń lò. Ẹ̀yìn ni òun ń fì. Nígbà tó di alẹ́, ẹ̀yìn ń dùn ún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́ ààrò ẹja rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi rí nǹkan tà. Ṣé ẹ rò pé yóò padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀?

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Bí olùkọ́ bá ń rọra lọ nítorí ìyá ẹlẹ́ja, ọ̀dọ́ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, á máa wo ọ̀nà, á sì lọ. Ìyá àgbà á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, á ní òun kàn wá wòran ni. Báyìí ni ohun tó mọ̀ ṣe ń bá a lọ sílé, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i kọ́. Àdánù ńlá ni. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá papò dà, kò sí ìwé tí a ó ṣí tí a ó ti rí i.

Nítorí náà ni a fi ń pín oníjó sí ìpele. A kì í fi ọjọ́ orí pín wọn o, nítorí ọmọdé mìíràn wà tó mọ̀ ọ́n jó ju bàbá rẹ̀ lọ. Ohun tí ara lè ṣe ni a fi ń pín in. Ìdánwò rẹ̀ kò le. Kí oníjó dúró, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ ìbàdí, kí orúnkún rọ̀ díẹ̀. Kí ó gbé ìdí ọ̀tún sókè, kí ó sọ ọ́ kalẹ̀; kí ó gbé ti òsì, kí ó sọ ọ́ kalẹ̀. Kí ó ṣe é ní ìgbà mẹ́jọ pẹ̀lú agogo. Bí èjìká rẹ̀ bá ń bá ìdí lọ, ìpele kìíní ni tirẹ̀. Bí èjìká bá dúró jẹ́ẹ́, tó sì lè máa ṣe é bó ti ń rìn, ó ti wọ ìpele kejì. Bí onílù bá yí ìlù padà lójijì, tí kò sì ṣìnà, ìpele kẹta ni ẹni yẹn.

Ìpele kìíní ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́. Àṣírí rẹ̀ rèé: ìdí kì í dédé gòkè. Orúnkún ni ó ń gbé e. Bí orúnkún ọ̀tún bá nà, ìdí ọ̀tún á gòkè. Bí ó bá ká, ìdí á wálẹ̀. Gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fa ikùn wọlé díẹ̀, kí ẹ má fún un pọ̀ jù, kí ẹ lè máa mí. Ẹ má ṣe ti àyà síwájú, ẹ má sì ṣe ta ìdí sẹ́yìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ rántí bí àwọn apẹja wa ṣe ń fa àwọ̀n ńlá sí etí òkun. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn nìkan fà á kì í pẹ́ tó fi ń mú ẹ̀yìn dání. Orúnkún àti itan ni àgbà apẹja ń lò.

Lẹ́yìn gbígbé àti sísọ, ìyípo ló kàn. Lẹ́yìn ìyípo, ọmọ-ìwé á fi ìdí kọ 8. Ẹ ti mọ bí a ṣe ń kọ 8, ẹ ti kọ ọ́ nínú ìwé ìṣirò yín. Ẹ wá rò ó pé a dùbúlẹ̀ rẹ̀ sórí ilẹ̀, ẹ̀yin sì dúró sí àárín, níbi tí àwọn òbírí méjèèjì ti pàdé. Ìdí ọ̀tún á lọ síwájú, á yí lọ sẹ́yìn. Ti òsì náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ẹ kò ṣe sáré kọ 8 ní ọjọ́ kìíní, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má sáré nínú èyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí nǹkan mẹ́rin péré kì í ṣe ìyà.

Ní ìpele kejì, nǹkan méjì á máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹsẹ̀ ń rìn, ìdí ń gbọ̀n, tàbí ìdí ń kọ 8, ọwọ́ ń gòkè. Ibẹ̀ ni ó ti yẹ kí a máa kọ́ etí pẹ̀lú. Ìlù àwọn ará Íjíbítì tí à ń pè ní darbuka ní ohùn méjì: dùm ni ti àárín awọ, tẹ́k ni ti etí awọ. Ìlù wọn kan wà tó ń jẹ́ maqsum. Ẹ ka ení dé ẹ̀jọ, kí ẹ sì pàtẹ́wọ́ rẹ̀: dùm ní ení, tẹ́k ní èjì, tẹ́k ní ẹ̀rin, dùm ní àrún, tẹ́k ní èje. Ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ ní ẹ̀ta, ẹ̀fà àti ẹ̀jọ. Ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ́ gan láti kékeré á tètè mọ̀ ọ́n.

Ìpele kẹta kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Oníjó àti onílù ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá oníjó mọ ìgbà tí kò yẹ kí ó ṣe ohunkóhun.

Báwo wá ni a ó ṣe kó gbogbo wọn sí agbo kan? Bí àkókò bá jẹ́ wákàtí méjì, kí gbogbo ènìyàn jọ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún na ara, àti ọ̀gá àti ọmọ-ìṣẹ́. Kí gbogbo wọn tún jọ ṣe gbígbé àti sísọ, nítorí ọ̀gá pàápàá kì í kọjá rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n pín sí igun mẹ́ta fún wákàtí kan. Kí olùkọ́ wà pẹ̀lú àwọn ẹni tuntun jù lọ, kì í ṣe pẹ̀lú àwọn ọ̀gá. Kí àwọn ọ̀gá máa bá onílù ṣeré. Ní ìparí, kí wọ́n padà sí agbo kan, kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan mú ẹni tuntun kan lọ́wọ́ dání. Bó bá rí àṣìṣe, kí ó sọ ọ́ sí i létí, kó má pariwo. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí orúnkún rọ̀ díẹ̀ sí i,” ìyẹn ti tó.

Ní ti ilẹ̀, yanrìn tó rọ̀ jù lè fa ẹsẹ̀ rírọ́, sìmẹ́ńtì sì ń dun orúnkún. Ilẹ̀ líle tí a gbá mọ́ ló dára jù. Aboyún, ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dùn tẹ́lẹ̀, àti ẹni tó ní ìpákè, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Ìyá ọlọ́mọ kò gbọdọ̀ pọn ọmọ jó ijó yìí. Kí ó tẹ́ ẹní fún un.

Ilé-ẹ̀kọ́ gidi wà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Áfíríkà wa. Ní 1944 ni wọ́n bí Germaine Acogny ní Dahomey, tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ báyìí. Ọmọ Yorùbá ni ìyá bàbá rẹ̀, abọrìṣà sì ni. Ní 1968, Acogny ṣí yàrá ijó kan ní Dakar. Láti 1977 títí di 1982 ó darí ilé-ẹ̀kọ́ ijó Mudra Afrique níbẹ̀. Ní 1998, òun àti ọkọ rẹ̀ dá École des Sables sílẹ̀ ní Toubab Dialaw, ní etí òkun Sẹ̀nẹ̀gà. Eegun ẹ̀yìn ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn oníjó láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà ń wá gbé ibẹ̀ láti kọ́ṣẹ́. Ní 2021 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní ìlú Venice.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Kì í ṣe gbogbo ijó ni a ń fi pe ènìyàn wá sí àgbàlá. Zangbeto wà, tó ń ṣọ́ ìlú lóru. Ti àwọn tó wà nínú awo rẹ̀ ni. Olùkọ́ tó bá fẹ́ mú ijó ìlú wọ inú ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè.

Iṣẹ́ ilé: ní alẹ́ òní, ẹ mú igi kékeré, ẹ ya 8 ńlá kan sórí ilẹ̀ àgbàlá yín. Ẹ dúró sí àárín rẹ̀ láìwọ bàtà. Ẹ fi ìdí tọ ilà náà ní ìgbà mẹ́wàá, láìsí ìlù. Kí ẹnìkan nínú ilé máa wo èjìká yín.