Aṣọ Ìkélé Kì í Ṣe Ilẹ̀kùn: Ẹ̀kọ́ lórí Títi Ìsọ̀rí Ọjà Pa ní Ilé Ìtajà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Kò sí ẹni tí ó ń ná ọjà tí kò mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nínú ìsọ̀ ni a ń pàtẹ sí ìta. Olówò a máa kó ọjà kan síwájú fún gbogbo ènìyàn, a sì máa fi òmíràn sí yàrá inú fún kìkì àwọn tí ó yẹ. Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí bí a ti ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí olùtà kì í ti rí ojú olùrà, tí ọmọdé àti àgbà sì lè fi fóònù kan náà wọlé.

Kí ni ìsọ̀rí ọjà?

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Kí a gbà pé ẹgbẹ́ náà ṣí ilé ìtajà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì pín ọjà rẹ̀ sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Èkíní ni ọkọ́, àdá àti irúgbìn, tí ẹnikẹ́ni lè rà. Èkejì ni ajílẹ̀ tí a ń tà ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan. Ẹ̀kẹta ni oògùn apakòkòrò àti oògùn apakoríko. Májèlé ni wọ́n. Kò yẹ kí wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọmọdé tàbí ẹni tí kò mọ ìlò wọn.

Ọ̀rọ̀ ìsọ̀rí kẹta yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC pàṣẹ pé kí a má ṣe ta ìgò kékeré oògùn dichlorvos mọ́ ní gbangba ọjà, nítorí pé àwọn ènìyàn ń ṣì í lò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni àjọ náà sì ti fi òfin de oògùn apakoríko tí a ń pè ní paraquat. Bákan náà ni òfin tábà ti ọdún 2015 kọ títa tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, ó sì kọ títà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí òfin kọ̀ pátápátá kò ní ìsọ̀rí rárá. A kì í kàn tì í mọ́ yàrá, a kì í tà á ni.

Ta ni ó ń kànkùn?

Kí a tó lè ti ilẹ̀kùn, a ní láti mọ ẹni tí ó fẹ́ wọlé. Ìdí nìyí tí ilé ìtajà fi ń béèrè orúkọ ìwọlé àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ni a sì ń fún ní ipò. Nínú WooCommerce, ètò kọ̀ǹpútà tí ó jáde ní ọdún 2011 tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ olówò ń lò, ipò oníbàárà yàtọ̀ sí ti alábòójútó ìsọ̀. Alábòójútó lè fi ọjà kún ọjà, ó sì lè yí iye owó padà. Oníbàárà kò lè ṣe ju kí ó ra ọjà kí ó sì wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ rà. Ẹgbẹ́ wa lè fi ipò kẹta kún un, èyí tí í ṣe ti ọmọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ètò náà nìkan kì í ti ìsọ̀rí pa gẹ́gẹ́ bí ipò ènìyàn. Onílé ìtajà ní láti wá àfikún ètò tí yóò ṣe é.

Níbo ni àṣìṣe ti ń wọlé?

Ọ̀pọ̀ olówò rò pé bí a bá ti fi ọjà pamọ́, a ti tì í pa. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú WooCommerce kan náà, a lè yàn pé kí ọjà kan má hàn nínú àtẹ, kí ó má sì hàn nígbà tí a bá ń ṣàwárí. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ní àdírẹ́sì ojú-ewé ọjà náà gan-an yóò ṣí i, yóò sì rí i. Bí ọ̀rẹ́ kan bá fi àdírẹ́sì náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó ti wọlé nìyẹn. Aṣọ ìkélé ni onílé fi bo ẹnu ọ̀nà. Kò ti ilẹ̀kùn.

Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ni ó yẹ kí a ṣọ́: ojú-ewé ìsọ̀rí, àpótí ìṣàwárí, ojú-ewé ọjà kọ̀ọ̀kan, àti ibi ìsanwó. A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ti ìkẹrin, nítorí ẹni tí ó ti kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ lè ti kúrò nínú ẹgbẹ́ kí ó tó sanwó. Kọ̀ǹpútà tí ó gbé ilé ìtajà náà ró ni ó gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò yìí. A kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ fún fóònù olùrà nìkan, nítorí ohun tí ó wà lọ́wọ́ olùrà, olùrà lè yí i padà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Àwọn amòye kò fi ọ̀ràn yìí ṣeré. Nígbà tí ẹgbẹ́ OWASP to àbùkù mẹ́wàá tí ó léwu jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2017, ipò karùn-ún ni ó fi àìṣọ́ ẹnu ọ̀nà dáadáa sí. Ní ọdún 2021, ó gbé e sí ipò kìíní.

Ìmọ̀ràn fún onílé ìtajà

1. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, kí o sì ṣí i fún ẹni tí ó yẹ. Má ṣe ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé kí o tó máa lé àwọn kan jáde.

2. Má ṣe fún òṣìṣẹ́ ní agbára ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ tí ó bá kúrò, gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

3. Má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àpótí kékeré tí a ń fi àmì sí pé, “Mo ti pé ọmọ ọdún 18.” Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi àmì síbẹ̀. Kí ẹni tí ó ń gbé májèlé lọ fún olùrà wo ojú ẹni tí ó ń gbà á.

4. Bí o bá gba ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, pa á mọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ti wí.

5. Jáde kúrò nínú orúkọ rẹ, kí o wọ ilé ìtajà rẹ bí àlejò, kí o sì gbìyànjú ẹnu ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín fífi ọjà pamọ́ àti títì í pa? Nínú ìsọ̀rí mẹ́ta tí a dárúkọ, èwo ni àìṣọ́ra lórí rẹ̀ lè gba ẹ̀mí, èwo ni ó lè gba owó? Ta ni ó ń lo fóònù yín nílé nígbà tí ẹ bá lọ sí oko?