Ẹ̀KỌ́ ỌNÀ: BÍ A TI Ń GBÉ ỌNÀ KALẸ̀ SÓRÍ ÀDÌRẸ

Ẹni tí ó bá wọ ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta yóò rí àdìrẹ ní ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó sì dára lójú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a fi ọwọ́ ṣe. Aṣọ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè ti wà láàárín wọn. Owó rẹ̀ kò tó ti ojúlówó, ó sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn aláró. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ó gbé ọnà àdìrẹ ró.

Àdìrẹ oníko ni èyí tí a fi ìko so. Alábẹ́rẹ́ ni èyí tí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán. Ẹlẹ́kọ ni èyí tí a fi ẹ̀kọ láfún kùn. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn obìnrin fi ń ya ẹ̀kọ sórí aṣọ. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a máa gé bátànì sára páànù, wọn a sì fi ẹ̀kọ gba ojú rẹ̀ kọjá.

Nínú gbogbo ohun tí ó yẹ ní mímọ̀, àyè ni ó ṣòro jù. Ẹni tí ó ń ya àwòrán sórí ìwé a máa kun ibi tí ó fẹ́ kí ó dúdú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kun ẹ̀kọ a máa kun ibi tí aró kò gbọdọ̀ wọ̀. Nítorí náà, òdìkejì ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ni ó gbọdọ̀ máa rí lọ́kàn. Iṣẹ́ ẹni tí ó ń gé páànù tún le ju èyí lọ: bí ó bá gé òrùka yíká láìdá nǹkan kan sí láti so àárín rẹ̀ mọ́ etí, àárín náà yóò já bọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlà ara bátànì fi máa ń já lójú kan lójú kan. Àwọn tí kò mọ̀ a máa pe èyí ní àbùkù.

Ti ìwọ̀n hàn gbangba lára Òṣùbàm̀bà, níbi tí òrùka ńlá ti dúró láàárín àwọn kéékèèké. Bí gbogbo wọn bá tóbi dọ́gba, ojú kò ní mọ ibi tí yóò gbé dúró. Títún ọnà kan náà ṣe ni ó sì mú kí aṣọ ní ìlù tirẹ̀. Nínú Ìbàdàn dùn, òpó Gbọ̀ngàn Màpó, tí a ṣí ní ọdún 1929, ni a tò léraléra.

Àwọ̀ kan ṣoṣo ni ti àtijọ́, aró ẹ̀lú. Aṣọ a máa jáde nínú ìkòkò pẹ̀lú àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ni yóò sì sọ ọ́ di aró; iye ìgbà tí a bá rì í ni yóò sọ bí yóò ti dúdú tó. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí sódà àti aró òyìnbó wọlé, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì gbìyànjú láti fi òfin dá wọn dúró, nítorí orúkọ aṣọ Ẹ̀gbá ń bàjẹ́.

Ní ìsọ̀, kí olùrà yí aṣọ padà. Ọnà oníko a máa hàn ní ojú àti ní ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ a máa dúdú ju ojú lọ, nítorí ojú kan ni a kun ẹ̀kọ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ sábà máa ń ṣì ju ojú rẹ̀ lọ. Kí ó tún wo òrùka méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ọwọ́ ènìyàn kì í so ìko méjì kí wọn ó rí bákan náà láìyẹ̀ rárá.