Ẹ̀kọ́ Ọ̀sẹ̀ Yìí: Kí A Tó Lọ Bá Lọ́yà

Ẹ̀kọ́ yìí ti inú àṣìṣe tiwa fúnra wa jáde.

Arákùnrin kan nínú ìjọ wa ta ọjà ní àwìn. Nígbà tí owó kò yọjú, ó tọ̀ wá wá, àwa ni a sì bá a kọ ìwé ẹ̀sùn tí ó gbé lọ fún ọlọ́pàá. Wọ́n ti onígbèsè náà mọ́lé, wọ́n dá a sílẹ̀, owó kò jáde. Ni arákùnrin wa bá tọ lọ́yà lọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí lọ́yà bi í ni pé, "Ìwé dà?" Ìwé kò sí mọ́. Àkúnya omi ọdún 2022 ti ba ìwé àwìn rẹ̀ jẹ́ ní Adankolo. Àwa pàápàá jẹ̀bi, nítorí a gbéra kí a tó mọ irú ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀.

1. Gbèsè kì í ṣe ọ̀ràn ọlọ́pàá

Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tí ó yẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ mú ìyàwó tàbí ìyá ẹni dípò ẹni. Kóòtù ni ibi tí a ti ń gba gbèsè. Ṣùgbọ́n jìbìtì yàtọ̀ sí gbèsè. Ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí náà yàtọ̀: bí o bá gbé e lọ sí báńkì láàrin oṣù 3, tí wọ́n dá a padà nítorí pé owó kò sí, òfin ọdún 1977 pè é ní ọ̀ràn, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sì wà fún un.

Bí wọ́n bá mú ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí ìwọ yóò fi rí lọ́yà. Láàrin wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ìdí tí wọ́n fi mú ọ, ní èdè tí o gbọ́.

2. Ilẹ̀

Láti ìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti jáde ní ọdún 1978, Gómìnà ni ó di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún gbogbo ará ìlú. Ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí ilẹ̀ kò lè tà á, kò sì lè fi í dúró fún owó yíyá, láìgba àṣẹ Gómìnà. Ní ọdún 1989, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo. Wọ́n ti fi ohun ìní dúró fún owó tí báńkì yá wọn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gba àṣẹ. Báńkì ni ó pàdánù. Bí báńkì tí ó ní lọ́yà tirẹ̀ bá lè kọsẹ̀ báyìí, kí ni kí a wí fún àwa tí a di rìsíìtì kan ṣoṣo mú?

Níti ilẹ̀ ẹbí, bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò dúró rárá. Ẹ lọ yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

3. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tí ń san owó ilé lọ́dọọdún yóò gba ìwé ìkìlọ̀ oṣù 6, ẹni tí ń san án lóṣooṣù yóò gba ti oṣù 1. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọjọ́ 7 kí onílé tó lọ sí kóòtù. Onílé kò gbọdọ̀ ká òrùlé tàbí kó ẹrù ayálégbé síta fúnra rẹ̀.

4. Bí ikú bá dé

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ fetí sí èyí. Ẹni tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù iṣẹ́ bí ìbátan tí ó súnmọ́ yín jùlọ kì í ṣe àrólé nítorí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, kóòtù gíga ni yóò fún àwọn tí ó tọ́ ní ìwé àṣẹ láti ṣètò ogún. Ẹ kọ ìwé ìhágún yín nígbà tí ara le.

5. Ní ọ́fíìsì lọ́yà

Ẹ kọ ìtàn náà sí ojú ìwé kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé dání, kí ojúlówó wà nílé, níbi tí omi kò lè dé. Ẹ bèèrè bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn lọ́yà ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ẹ bèèrè iye owó àti iṣẹ́ tí owó náà kárí, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tí ó kéré jùlọ lọ, èyí tí ó di ₦70,000 ní ọdún 2024, lè tọ Legal Aid Council lọ. Ọdún 1976 ni ìjọba dá a sílẹ̀ fún irú wọn.

Àwọn baba wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá lè parí ọ̀rọ̀, kí wọ́n parí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí lọ́yà gba arákùnrin wa níyànjú náà nìyí. Ó ní ọ̀rọ̀ tí onígbèsè kọ ránṣẹ́ sórí fóònù àti ìwé báńkì lè jẹ́ ẹ̀rí ní kóòtù, pé kí a kọ́kọ́ kó wọn jọ. Nígbà tí onígbèsè rí wọn, ó gbà níwájú ẹlẹ́rìí méjì, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò máa san án lóṣooṣù. Owó náà kò tíì pé, ṣùgbọ́n ó ń wọlé.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ó ya gbèsè sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀ràn?
2. Ta ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń ra ilẹ̀ ẹbí?
3. Níbo ni ìwé ilé àti ìwé ìṣòwò rẹ wà ní alẹ́ òní?

Akọ̀wé Ìjọ