Yúnyun Nínú Ọgbà Ilé: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Iṣẹ́ Kòkòrò Lára Òdòdó

1. Ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ni olùkọ́ ewéko ní láti là yé akẹ́kọ̀ọ́ nípa òdòdó. Èkíní: kòkòrò tàbí atẹ́gùn a máa gbé lẹ́búlẹ́bú láti ẹ̀yà akọ lọ sórí ẹ̀yà abo. Èkejì: akọ àti abo a dàpọ̀ nínú òdòdó, èso a sì sọ. Bí a bá pe méjèèjì ní 'gígùn', bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹran, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà wọ́n sí ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ lẹ́búlẹ́bú lè bà lé abo kí ìdàpọ̀ má wáyé.

2. Ẹ̀rí láti ara yúnyun

Yúnyun, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Aspilia africana, jẹ́ ewéko ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ń hù ní etí ọ̀nà. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n sí ewé tí ń dá ẹ̀jẹ̀ ọgbẹ́ dúró. Láti gbìn ín sí ọgbà, a ó gé ọ̀pá rẹ̀ tí ó ní oríkèé méjì tàbí mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, a ó sì rì í sí ibi tí oòrùn ń dé. A kò gbọdọ̀ fín oògùn apakòkòrò sí i. A ó sì máa gé e, kí ó má baà gba ọgbà.

Ohun tí ojú rí bí òdòdó kan lára rẹ̀, ìdì òdòdó ni. Àwọn ti etí, tí ó yọ ahọ́n pupa rúsúrúsú, kì í so èso. Ṣe ni wọ́n ń pe kòkòrò. Àwọn ti àárín ni ó ní akọ àti abo. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, akọ a kọ́kọ́ tú lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀. Abo a tì í síta bí ó ti ń yọ, lẹ́yìn náà ni yóò tó là láti gba ti ẹlòmíràn. Oyin àti labalábá tí ó wá mu omi dídùn ni ó ń gbé e kiri.

3. Àbá

'Ìgbékà' yẹ ìṣẹ̀lẹ̀ kìíní, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé ìkòkò ka iná. 'Agbékà' ni ẹni tí ó ṣe é. Orúkọ yìí gba oyin, ó sì gba atẹ́gùn. 'Ìdàpọ̀' ni kí ó jẹ́ ti èkejì.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo ìdì kan kí ó tó là, kí ó fi òmíràn sílẹ̀, kí ó sì ka èso méjèèjì nígbà tí wọ́n bá gbó. Ìgbékà hàn sí ojú. Èso nìkan ni ó ń jẹ́rìí ìdàpọ̀.