Ìpamọ́ Ohùn Àwọn Apohùn Ọ̀fà: Àká Inú Ilé àti Àyè Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Bí àgbà apohùn bá papòdà, ohùn rẹ̀ tí a gbà sílẹ̀ nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí lò. Fún olùkọ́ tó ń gba oríkì àti orin ọdún Ìjàkadì sílẹ̀ ní Ọ̀fà, ọ̀nà ìpamọ́ méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni kọ̀ǹpútà inú ilé tó dà bí àká, tí fóònù àti kọ̀ǹpútà yòókù ń ti inú rẹ̀ gbọ́ ohùn láìlo íntánẹ́ẹ̀tì. Èkejì ni àyè tí ilé-iṣẹ́ bíi Google ń yá ènìyàn.

Ohùn wákàtí kan tí a kò fún pọ̀, ní ìwọ̀n àwo CD, ń gba nǹkan bíi 635 mẹ́gábáìtì. 15 gígábáìtì tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ kò ju nǹkan bíi wákàtí 24 lọ, ká má tíì sọ ti fídíò. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024 pẹ̀lú, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà. Kíláàsì tó gbẹ́kẹ̀ lé àyè òkèèrè kò ní rí nǹkan gbọ́ lírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Àká inú ilé bọ́ lọ́wọ́ èyí, àmọ́ kò bọ́ lọ́wọ́ olè tàbí ìjàǹbá iná. Kí ó wà fún ìlò kíláàsì, kí ẹ̀dà kejì wà nílé mìíràn, kí ohùn àwọn tó dàgbà jù sì kọ́kọ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ti àdàkọ oríkì wọn, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, kì í sábà tó mẹ́gábáìtì kan.